Ṣọ́ọ̀kì Ọkọ̀ Oko: Ẹ Má Jẹ́ Kí Owó Yín Wọ Kòtò!

Ohun tó yẹ kí ìyá ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ mọ̀ kí wọ́n tó ra òmíràn

Bí apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́wàá bá kúrò lóko, tó wá jẹ́ pé méje péré ló ṣeé tà nígbà tó dé ọjà, ta ló jí mẹ́ta tó kù? Ẹ má wulẹ̀ bá ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ jà. Ó ṣeé ṣe kí olè náà wà lábẹ́ ọkọ̀, kó so rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàyà, kí epo máa ro lára rẹ̀ tó, tó, tó. Orúkọ rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o! Ní agbègbè tiwa yìí, láti Under G l'Ógbòmọ̀ṣọ́ títí dé ìlú Ọ̀yọ́, oúnjẹ tí à ń tà kì í hù lójú títì. Oko ló ti ń wá, láti ọ̀nà Ìkòyí-Ilé, láti Ìlújú, láti Ìrẹsà, níbi tí ọ̀dà ti ń parí tí ilẹ̀ pupa ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré kò lè bá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jà. Jíìpù àti píkáàpù tí tàyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, èyí tí àwa ń pè ní fọ wíìlì, ló ń wọ ibẹ̀. Ẹ tún wo ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ti Ọ̀yọ́-Ilé, tí olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà nínú ìlú Ọ̀yọ́. Láti 1991 ló ti di ọgbà àpapọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró. Bí ọkọ̀ bá máa wọ irú igbó bẹ́ẹ̀ kó sì jáde láyọ̀, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé.

Bí ṣọ́ọ̀kì bá wá kú, tí dẹ́rẹ́bà sọ pé kí ẹ mú owó wá, èwo lẹ máa rà? Ọjà kún fún oríṣiríṣi: tuntun, tòkunbọ̀, ayédèrú, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà tuntun kùn. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ fara balẹ̀ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

KÍ NI ṢỌ́Ọ̀KÌ Ń ṢE GAN-AN?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú irọ́ ńlá kan fó. Ṣọ́ọ̀kì kì í gbé ẹrù! Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù. Bí ìdí ọkọ̀ yín bá ti wọlẹ̀ nígbà tí ẹ kó iṣu sí i, tí ẹ wá ra ṣọ́ọ̀kì tuntun nítorí pé ẹ fẹ́ kó dìde, owó yín ti ṣòfò. Sípíríǹgì ló ti rẹ̀, òun ni kí ẹ tọ́jú.

Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni kó dá sípíríǹgì lẹ́kun. Bí tàyà bá bọ́ sí kòtò, sípíríǹgì á kì, á tún nà. Bí kò bá sí ẹni tó máa sọ fún un pé "ó tó," á máa fò bí ọmọdé tó ń fo okùn. Nínú ṣọ́ọ̀kì, epo wà níbẹ̀, ọ̀pá kan sì wà tó ń wọlé tó ń jáde. Ìdí ọ̀pá yìí ní ihò tín-ín-tìn-ìn-tín. Bí ọ̀pá ṣe ń lọ tó ń bọ̀, epo gbọ́dọ̀ gba inú ihò yẹn kọjá, kò sì lè sáré. Ẹ̀yin ìyá tó ń sẹ́ ògì mọ̀ ọ́n: bó ti wù kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tó, omi á fi pẹ̀lẹ́ jáde nínú asẹ́ ni. Agbára tí ì bá máa fi ọkọ̀ fò sókè á wá di ooru lára ṣọ́ọ̀kì. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń gbóná bí ọkọ̀ bá ti ọ̀nà oko dé.

Bí ṣọ́ọ̀kì bá kú, kì í ṣe tòmátì nìkan ló ń fọ́. Tàyà á máa fò kúrò nílẹ̀. Tàyà tí kò bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, búrèkì rẹ̀ kò lè mú un, ìdarí rẹ̀ kò sì ní gbọ́ràn. Bí ọkọ̀ bá kó ẹrù gíga, tí èèyàn jókòó sórí ẹrù, tí ọkọ̀ wá ń mì lọ sọ́tùn-ún mì lọ sósì, ṣebí ẹ mọ ibi tó ń lọ. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

BÁWO LẸ ṢE MÁA MỌ̀ PÉ Ó TI KÚ?

Àkọ́kọ́, ẹ wo ara rẹ̀. Bí ó bá kàn tutù díẹ̀ bí ẹni tó làágùn, tí eruku lẹ̀ mọ́ ọn fẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn kò tíì burú. Àmọ́ bí epo bá ti ń ṣàn wálẹ̀, tó ń kán, ó ti parí.

Èkejì, ẹ fọwọ́ pa ojú tàyà. Bí ó bá jẹ àjẹbàjẹ́, tí ibì kan ga tí ibì kan jìn yí ká, ó ṣeé ṣe kí tàyà náà máa jó lórí títì.

Ẹ̀kẹta, bí dẹ́rẹ́bà bá tẹ búrèkì, ṣé imú ọkọ̀ máa ń dorí kodò? Bí ó bá kọjá gálọ́ọ̀pù kan, ṣé ìdí rẹ̀ á fò lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin kó tó dúró? Àmì nìyẹn. Ẹ ṣàkíyèsí o: àwọn kan máa ń gun bọ́ńpà ọkọ̀ kí wọ́n fi mì ín. Èyí wúlò fún ọkọ̀ kékeré, àmọ́ sípíríǹgì píkáàpù le gan-an, ó lè má mì rárá bí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ tilẹ̀ ti kú. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn nìkan tàn yín.

Ẹ̀kẹrin, ọgbọ́n àgbà mẹkáníìkì nìyí. Bí ọkọ̀ bá ti rin ọ̀nà gbágungbàgun fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú ogún, ẹ dúró, kí ẹ rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì tó wà lẹ́yìn. Ẹ má gbá a mú o, ó lè jó yín. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì tutù, èyí tó tutù ni kò ṣiṣẹ́. Ọ̀lẹ kì í làágùn!

Ẹ̀karùn-ún, kí mẹkáníìkì tú u, kó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó sì fà á ní ìnàró. Ó yẹ kó le dọ́gba láti òkè dé ilẹ̀. Bí ó bá dé ibì kan tó kàn já wọlé wẹ́lẹ́ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, ó ti lọ.

Bí ẹ bá ń gbọ́ "kó, kó, kó" lábẹ́ ọkọ̀, ẹ má tíì sáré ra ṣọ́ọ̀kì. Bọ́ṣìn, ìyẹn rọ́bà tó wà lẹ́nu ibi tí wọ́n ti de ṣọ́ọ̀kì, lè jẹ́ òun ló jẹ. Owó bọ́ṣìn kò tó owó ṣọ́ọ̀kì.

ORÍṢI MÉJÌ TÓ GBAJÚMỌ̀

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù á máa pariwo pé, "Ìyá mi, ti gáàsì lẹ fẹ́ ni àbí ti epo?" Ọ̀pọ̀ ló rò pé ti gáàsì kò ní epo nínú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Epo wà nínú méjèèjì. Gáàsì tí wọ́n fi kún un, náítírójìn ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa tẹ epo náà mọ́lẹ̀ kó má baà hó bí ọṣẹ. Lójú ọ̀nà oko tó rí ṣákaṣàka bí pákó ìfọṣọ, ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì ń sáré lọ sáré bọ̀. Bí epo bá hó, ìfófòó ló máa kọjá nínú ihò yẹn, kò sì ní lè dá nǹkan kan dúró. Ọkọ̀ tó jáde kúrò nílé dáadáa á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fò lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá dúró kó tutù, á tún ṣe dáadáa díẹ̀.

Oríṣi kìíní ni onípáìpù méjì: páìpù kan wà nínú èkejì. Gáàsì inú tirẹ̀, bó bá ní, kò le púpọ̀. Owó rẹ̀ kì í wọ́n jù. Ohun rere rẹ̀ ni pé bí òkúta bá ta lù ú tó tẹ̀ díẹ̀ níta, ti inú lè máa ṣiṣẹ́ lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ooru kò tètè jáde nínú rẹ̀.

Oríṣi kejì ni onípáìpù kan. Gáàsì tirẹ̀ le gan-an, ohun kan sì pààlà sáàárín gáàsì àti epo kí wọ́n má pàdé. Ọkùnrin Faransé kan, Christian Bourcier de Carbon, wà lára àwọn tó dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ Bilstein ní Jámánì ló sì fi sára Mercedes-Benz ní 1957. Ooru tètè ń jáde nínú rẹ̀, nítorí náà ó máa ń ní ìfaradà lójú ọ̀nà gbágungbàgun tó jìn. Àmọ́ ó wọ́n. Bí òkúta bá sì tẹ páìpù rẹ̀ wọ inú, ọ̀pá lè há síbẹ̀.

Èwo wá ni ká mú? Bí píkáàpù yín bá ń lọ sóko tó wà nítòsí, tó ń rọra rìn, tó ń kó ẹrù, onípáìpù méjì tó ní gáàsì, tó sanra, tí ilé iṣẹ́ gidi ṣe, ti tó. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà ilẹ̀ pupa gígùn ló ń sáré lé lójoojúmọ́, ẹ gbìyànjú onípáìpù kan bí agbára bá gbé e. Orúkọ bíi Monroe láti Amẹ́ríkà, KYB láti Japan, Bilstein láti Jámánì àti Koni láti Netherlands kì í ṣe tuntun létí àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n orúkọ lára páálí kọ́ ni ohun tó wà nínú páálí, a ó débẹ̀ láìpẹ́.

LÍLE KỌ́ NI DÍDÁRA

Àwọn dẹ́rẹ́bà kan fẹ́ràn kí ṣọ́ọ̀kì le bí irin. Wọ́n ní ìyẹn ló "lágbára." Ẹ gbọ́ ná! Bí ṣọ́ọ̀kì bá le ju sípíríǹgì lọ, kòtò kò ní parí sára sípíríǹgì mọ́, ará ọkọ̀ ló máa gbà á. Fírémù á máa sán, bọ́ọ̀tù á máa tú, ẹyin á máa fọ́, ẹ̀yìn dẹ́rẹ́bà á máa dùn ún. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń padà lófìfo, á máa ta bí ẹṣin tí kò gbọ́ ìjánu. Ṣọ́ọ̀kì tó yẹ ni èyí tó bá sípíríǹgì mu. Bí ẹ bá ti fi ewé kún sípíríǹgì pẹlẹbẹ ẹ̀yìn nítorí ẹrù, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á. Ìgbà yẹn ni ṣọ́ọ̀kì tó le díẹ̀ sí i wúlò.

ẸRU TÉPÙ DÁNÍ

Kò sí ohun tó ń jẹ́ "ó máa wọ̀ ọ́." Hilux tó jáde láti nǹkan bí 2005, sípíríǹgì rẹ̀ níwájú rí bí òrùka tó yí po, ṣọ́ọ̀kì sì wà láàárín rẹ̀; ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ sípíríǹgì pẹlẹbẹ. Land Cruiser 60 àtijọ́, pẹlẹbẹ ni níwájú àti lẹ́yìn. Land Cruiser 80 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1990, òrùka ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orúkọ kan náà, ẹsẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà ṣáńsì ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ sì mú ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ lọ́wọ́ dé ṣọ́ọ̀bù.

Bí wọ́n bá ti gbé ọkọ̀ sókè ju bó ṣe wá lọ, ti àtijọ́ nìkan kò tó, ẹ lo tépù. Fún ẹ̀yìn tó ní sípíríǹgì pẹlẹbẹ, kí mẹkáníìkì fi jáàkì gbé ṣáńsì títí ẹsẹ̀ á fi so rọ̀ pátápátá, kó wọn ibi ìdè òkè sí ti ìsàlẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tuntun gbọ́dọ̀ lè nà ju ìyẹn lọ díẹ̀. Bí ó bá kúrú, òun ló máa di okùn tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ rọ̀, á sì ya. Lẹ́yìn náà, kó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kó tún wọn ibi ìdè méjèèjì, kó sì yọ àlàfo tó wà láàárín rọ́bà ìkọlù àti ásù kúrò. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ: bí ìdè sí ìdè bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45, tí àlàfo rọ́bà jẹ́ 10, ó ku 35. Rọ́bà yẹn náà á tún kì díẹ̀, nítorí náà ṣọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ lè kì wọlé dé 32 tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, inú ara rẹ̀ ló máa fọ́ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò ńlá.

AYÉDÈRÚ ÀTI TÒKUNBỌ̀

Yálà ẹ lọ sọ́jà Àràrómì ní Gate n'Ìbàdàn ni o, yálà Ladipo l'Ékòó ni, ẹni rere àti ẹni burúkú jọ ń tajà pọ̀ ni. Ẹ la ojú yín. Ṣé nọ́ńbà ara páálí àti nọ́ńbà ara ṣọ́ọ̀kì bára mu? Ṣé wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ, láìfi lẹ́tà kan sílẹ̀? Ṣé ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ dán, àbí ó rí wúruwùru? Ṣé ọ̀pá rẹ̀ ń kọ mànà láìní àpá? Ẹ gbé e lọ́wọ́: èyí tó bá fúyẹ́ ju ojúlówó lọ, ẹ fura sí i. Ẹ gba rìsíìtì tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà ọjà wà lórí rẹ̀. Àjọ SON, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971 láti máa mójú tó ìwọ̀n àti ojúlówó ọjà, ní ibi tí èèyàn lè fẹjọ́ sùn sí. Ẹni tí kò bá sì ní rìsíìtì kò ní ẹnu ọ̀rọ̀.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? A kò ní purọ́, òun ni agbára ọ̀pọ̀ nínú wa ká. Bí ẹ bá máa rà á, méjì tó tú lára ọkọ̀ kan náà ni kí ẹ bèèrè. Ẹ dá a dúró, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fà á. Ẹ wo ọ̀pá rẹ̀ bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́, torí ìpẹtà ló máa ya rọ́bà ìdérí tó ń dí epo mọ́nú. Bí wọ́n bá ti fi ọ̀dà dúdú tuntun kùn ún, ẹ bi í pé kí ló ń bò.

MÉJÌ-MÉJÌ NI O!

Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Bí ẹ bá pààrọ̀ ti ọ̀tún, ẹ pààrọ̀ ti òsì náà. Bí ọ̀kan bá ṣì le tí èkejì ti rọ̀, ọkọ̀ á máa fà sápá kan nígbà tí ẹ bá tẹ búrèkì ní kọ́nà. Bí owó kò bá tó mẹ́rin, ẹ ṣe méjì iwájú tàbí méjì ẹ̀yìn, kí ẹ máa dá àjọ fún méjì tó kù.

Nígbà tí wọ́n bá ń dè é, ẹ dúró tì wọ́n. Bí ó bá jẹ́ onípáìpù méjì, kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n sì fà á nígbà mélòó kan kí afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ lè kúrò lọ́nà. Bọ́ọ̀tù tó gba inú bọ́ṣìn kọjá, kí wọ́n má fún un pa nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì so rọ̀ lórí jáàkì. Kí tàyà tẹlẹ̀ ná, kí ọkọ̀ dúró bó ṣe ń dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà náà á ti lọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì ní pẹ́ tí á fi ya.

Ẹ̀YIN WẸ́DÀ, Ẹ GBỌ́ O!

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì gáàsì, pàápàá onípáìpù kan, agbára tó wà nínú rẹ̀ pọ̀. Ẹ má fi iná jó o, ẹ má dá a lu, ẹ má gé e láti fi ṣe irin mìíràn. Ó lè bú gbàù, kí irin rẹ̀ fò bí ọta ìbọn, kí epo gbígbóná sì dà lé èèyàn lójú. Èkejì, sípíríǹgì òrùka tó yí ṣọ́ọ̀kì iwájú po, wọ́n ti fún un mọ́lẹ̀ síbẹ̀ ni. Irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún kíkì í ni kí ẹ lò kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì orí rẹ̀. Ẹni tó fi okùn tàbí wáyà dì í, ó ń fi ojú àti ẹyín ọmọkọ́ṣẹ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni.

ÌṢIRÒ OWÓ

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ ò nílò kí n kọ́ yín ní ìṣirò. Ká ní èyí tó pọ́ọ́kú jẹ́ owó kan, tó lo oṣù mẹ́fà. Ká ní ojúlówó jẹ́ owó méjì, tó lo oṣù mẹ́rìnlélógún. Láàárín ọdún méjì, ẹ ti san owó mẹ́rin fún pọ́ọ́kú, ẹ san owó iṣẹ́ mẹkáníìkì lẹ́ẹ̀mẹrin, ọkọ̀ ti jókòó lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ ò tíì ka tàyà tó jẹ àti tòmátì tó fọ́. Èwo ló wọ́n nínú méjèèjì?

Bí ẹ bá sì ti ra tuntun tán, ẹ kìlọ̀ fún dẹ́rẹ́bà. Kó má kó ẹrù ju bó ṣe yẹ lọ. Kó dín eré kù lójú ọ̀nà tó rí ṣákaṣàka, kó sì dúró díẹ̀ bí ọ̀nà náà bá gùn, kí epo inú ṣọ́ọ̀kì lè tutù. Kó má fún tàyà ní afẹ́fẹ́ ju ìwọ̀n lọ, torí tàyà tó le koko, gbogbo ìyà òkúta ló ń gbé fún ṣọ́ọ̀kì.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó ku tiyín. Ẹ̀yin tí ṣọ́ọ̀kì ti jẹ lówó rí, ẹ̀yin mẹkáníìkì tí ẹ ní ọgbọ́n mìíràn lápò, ẹ kọ lẹ́tà sójú ìwé lẹ́tà wa kí àwọn yòókù lè rí i kọ́. Títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjà á tà, irin á gbọ́ràn, ẹrù gbogbo á délé láìfọ́ o.